Fáìlì Tí Ó Wà ní Òkèèrè: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Àṣìṣe Wà Láàrin Ètò Ìkọ̀wé àti Ẹ̀rọ Tí Ó Gbé Iṣẹ́ Wa Pamọ́

Ó lè ya díẹ̀ nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe àdàkọ ìjálá àti oríkì ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí ó mú mi yan orí-ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, kì í sì ṣe pé olè jà wá. Ibi tí kò yẹ ni a ti ń wá àṣìṣe.

Ilé mi wà ní Ìṣẹ́rí Olówóra, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, níbi tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Ìpínlẹ̀ Ògùn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àdàkọ wa kò sí níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ kan tí a ń sanwó lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, kí èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lè máa bá fáìlì kan náà lò láti ibi tí olúkúlùkù wa bá wà. Láti orí tábìlì ilé mi ni mo ti ń ṣí fáìlì, tí mo ń tún un ṣe, tí mo sì ń fi í pamọ́ padà. Ìlànà tí a ń pè ní SSH ni ó ń gbé wa lọ tí ó sì ń gbé wa bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ ṣí fáìlì ńlá tí a kó gbogbo àdàkọ jọ sí. Ibi gbogbo tí ó yẹ kí ó ti rí ṣ, á¹£ ni ó rí. Ibi tí ó yẹ kí ẹ wà, áº¹ ni ó wà níbẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ba fáìlì wa jẹ́.” Mo ní kí ó wò ó bóyá yóò lè tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kábàámọ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́dún náà. N ó padà sí ohun tí ó ṣe, ṣùgbọ́n kò lè yé wa dáadáa àfi bí a bá kọ́kọ́ mọ irú ọ̀nà tí SSH jẹ́.

Ọ̀nà àti ohun tí ó ń gbà á kọjá

Àwọn baba wa mọ ìrìn-àjò ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ fún ẹnì kejì pé ọkàn òun fà sí i. Ẹni tí ó fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Ìránṣẹ́ tí ó gbé àrokò náà lè má mọ ohun tí ó gbé. Bí ọ̀tá bá dá a lọ́nà, owó ẹyọ ni yóò rí, kò ní í rí ọ̀rọ̀. Títí di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò ní ọgbọ́n yìí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ òkèèrè yóò fi ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ránṣẹ́ ní gbangba, bí ẹni tí ó ń pariwo àṣírí rẹ̀ láàrin ọjà.

Ní ọdún 1995, ẹnì kan fi ètò afetíkọ́lé sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ètò náà sì ń kó ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn ènìyàn jọ. Olùwádìí kan níbẹ̀, Tatu Ylönen, kọ SSH láti fi dáàbò bo ọ̀nà. Ó gbé e jáde fún gbogbo ayé ní oṣù Keje ọdún náà. Ilẹ̀kùn kejìlélógún, 22, ni ó tọrọ fún un, nítorí pé àyè wà láàrin ilẹ̀kùn 21 àti 23 tí àwọn ìlànà àtijọ́ méjì, FTP àti telnet, ń lò. Wọ́n sì fún un. Ní ọdún 1999 ni àwọn tí ó ń ṣe OpenBSD gbé OpenSSH jáde, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a ń lò lónìí.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé SSH ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìwà rẹ̀ kejì ni a kì í sábà rántí, òun gan-an sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. SSH ń fi èdìdì sí gbogbo ẹrù tí ó bá rán. Bí ẹyọ báìtì kan bá yí padà lójú ọ̀nà, èdìdì náà kò ní í bá ẹrù mu mọ́, ẹni tí ó ń gbà á yóò sì já ìsopọ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní í gba ẹrù tí ó bàjẹ́ wọlé, kò sì ní í dákẹ́ lé e lórí. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọ̀rọ̀ tí ó bá gba inú SSH kọjá, yálà kí ó dé ní pípé tàbí kí ó má dé rárá. Nítorí náà, bí ohunkóhun kò bá dé, kí a wo ojú ọ̀nà àti àwọn ẹnubodè. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ṣùgbọ́n tí ó dà bí ẹni pé ó bàjẹ́, kí a fi ọ̀nà sílẹ̀, kí a wo ìpẹ̀kun méjèèjì. Ká ní mo mọ èyí ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, n kì bá tí gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ba ṣ wa jẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè ṣe é.

Ọ̀nà náà gùn. Lẹ́tà tí mo bá tẹ̀ ní Ìṣẹ́rí Olówóra yóò gba orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sí ilé iṣẹ́ tí ó ń tà íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi, yóò sì ti ibẹ̀ dé etí òkun Èkó, níbi tí àwọn wáyà abẹ́ òkun ti gúnlẹ̀. MainOne, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010, jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje kìlómítà láti Èkó dé ilẹ̀ Potogí. Nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, lẹ́tà kan kò lè lọ sí Potogí kí ó sì padà ní ohun tí ó dín sí ìdá àádọ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, kí a tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí owó dátà tí a lè san tí yóò dín in kù. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lábẹ́ òkun ní ìtòsí Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Àwọn wáyà mìíràn tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó, bíi Glo-1 àti Equiano, ni ọ̀pọ̀ ẹrù yà gbà, ọ̀nà sì fún pọ̀. Ní ọjọ́ náà, ohun tí a rí lójú ẹ̀rọ ni pé ètò ìkọ̀wé dákú. Àwọn kan pa ètò náà, wọ́n tún un gbé kalẹ̀, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn padà. Abẹ́ òkun ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tí ètò ìkọ̀wé ń gbé

Ẹni tí ó bá ń tún fáìlì òkèèrè ṣe wà nínú ọ̀kan nínú ipò mẹ́ta, ó sì yẹ kí ó mọ èyí tí òun wà kí ó tó sọ pé nǹkan bàjẹ́. Nínú èkíní, ètò ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ wà ní òkèèrè. Ìtẹ̀bọ́tìnì ọwọ́ wa nìkan ni ó ń rìn. Báyìí ni a ṣe ń lo vi, tí Bill Joy kọ ní Berkeley ní ọdún 1976, àti Vim, tí Bram Moolenaar gbé jáde ní ọdún 1991. Joy ti sọ pé láti ilé òun ni òun ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìsopọ̀ tí kò lè gbé ju nǹkan bí ọgbọ̀n lẹ́tà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdí sì nìyẹn tí àṣẹ inú vi fi kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ráhùn pé vi le koko, kí ó rántí pé fún ọ̀nà tí kò dára ni a ṣe é. Mo rò pé ó bá tiwa mu.

Nínú ipò kejì, ètò ìkọ̀wé wà ní ilé. Fáìlì ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. TRAMP tí ó wà nínú Emacs ń ṣe bẹ́ẹ̀, netrw tí ó wà nínú Vim náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ipò kẹta ni ti Visual Studio Code, tí ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 2019: ìdajì rẹ̀ wà ní ilé, ó sì ń fi ìdajì kejì sínú ẹ̀rọ òkèèrè fúnra rẹ̀, láìbéèrè púpọ̀. Nígbàkígbà tí ti ilé bá di tuntun, ti òkèèrè náà gbọ́dọ̀ di tuntun. Bí àyè kò bá sí mọ́ nínú ẹ̀rọ òkèèrè, tàbí tí ẹ̀rọ náà bá ti dàgbà jù, ìsopọ̀ yóò kùnà, bẹ́ẹ̀ ni ssh lásán ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ̀dà 1.86 rẹ̀ kọ̀ láti bá àwọn ẹ̀rọ tí ó ń lo Ubuntu 18.04 àti CentOS 7 ṣiṣẹ́, nítorí pé ó ń béèrè fún àkójọ àṣẹ ìpìlẹ̀ kan, glibc, tí ti àwọn ẹ̀rọ náà kò tó. Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é fi dá a padà fún ìgbà díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a ṣe nínú ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé kí a yọ ètò ìkọ̀wé kúrò láàrin. Kí a ṣí ojú ìwé àṣẹ, kí a sì pe ẹ̀rọ òkèèrè ní tààrà pẹ̀lú ssh -v, tí yóò máa ròyìn ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún wa. Èsì tí a bá gbà ní ìtumọ̀. Connection timed out ń sọ pé a kan ilẹ̀kùn títí, a kò gbúròó ẹnikẹ́ni: ọ̀nà ni, tàbí ẹnubodè kan tí ó gbé ẹrù wa mì. Connection refused ń sọ pé a dé ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ní ilẹ̀kùn 22. Permission denied ń sọ pé aṣọ́nà wà lójúfò, kọ́kọ́rọ́ wa ni kò gbà. Ẹni tí ó bá gba èsì kẹta yìí tí ó ń bú ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣẹ̀ wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ tiwọn ti parí. Kí ó lọ wo àpò .ssh rẹ̀ ní òkèèrè. Bí àpò náà, tàbí àpò ilé tí ó wà nínú rẹ̀, bá ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kọ nǹkan sí, aṣọ́nà kò ní í ka kọ́kọ́rọ́ tí ó wà níbẹ̀ sí. Àṣẹ chmod 700 fún àpò náà àti chmod 600 fún fáìlì authorized_keys ni ó ń parí ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ìròyìn ssh -v yóò máa bọ̀ geerege, yóò sì dúró lójijì síbi tí a ti kọ expecting SSH2_MSG_KEX_ECDH_REPLY. Ẹrù kékeré ń kọjá, èyí tí ó tóbi ni ẹnubodè kan kò gbà. Bí a bá dín ìwọ̀n ẹrù tí ẹ̀rọ ilé ń dì kù láti 1500 sí 1400, ọ̀nà lè là.

Kíkí tí ó di ìdènà

Ọmọ Yorùbá kì í wọlé láìkí ará ilé, ará ilé kì í sì í gba àlejò láìsọ pé káàbọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ó yẹ kí ẹ̀rọ náà ní ìwà. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì .bashrc pé kí ó máa sọ Kaabo fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé. Inú wa dùn sí i. Láti ọjọ́ kejì ni ètò ìkọ̀wé wa tí ó ń lo ìlànà SFTP kò ti lè ṣí fáìlì kan ṣoṣo. A gbìyànjú ssh lásán, ó wọlé, ó tilẹ̀ kí wa. Ohun tí SFTP sọ ni pé: Received message too long 1264673122.

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fo nọ́ńbà yẹn bí ẹni pé àlá ẹ̀rọ ni. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀. Nínú SFTP, báìtì mẹ́rin ni ó ń ṣíwájú gbogbo iṣẹ́ tí a bá rán, wọ́n sì ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe gùn tó. Ẹ̀rọ ilé ń retí báìtì mẹ́rin yìí. Kaabo ni ó kọ́kọ́ wọlé. Nínú ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń lò fún lẹ́tà, K jẹ́ 75, a jẹ́ 97, b sì jẹ́ 98. Ó gba K, a, a, b gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kan ṣoṣo: 75 ní ìlọ́po 16,777,216, pẹ̀lú 97 ní ìlọ́po 65,536, pẹ̀lú 97 ní ìlọ́po 256, pẹ̀lú 98. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, 1,264,673,122 ni yóò fún yín. Iṣẹ́ tí OpenSSH lè gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju 262,144 báìtì lọ, nítorí náà ó sá. Ká ní ẹni tí ó kọ kíkí náà fi àmì ohùn sí i, Káàbọ̀, tí á àti à sì jẹ́ lẹ́tà tí a ti so mọ́ àmì wọn, nọ́ńbà náà ìbá jẹ́ 1271112131, nítorí pé báìtì méjì méjì ni á àti à yóò gbà, báìtì kẹrin yóò sì gé à sí méjì. Bí ó bá jẹ́ Welcome ni, 1466264675 ni. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ìṣírò yìí lè ti inú nọ́ńbà náà mọ ọ̀rọ̀ tí ó dí ọ̀nà, kí ó tó wọ ẹ̀rọ náà rárá.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Kí a pàṣẹ kí ssh lọ ṣe iṣẹ́ òfo kan ní òkèèrè: ssh, orúkọ ẹ̀rọ náà, àti /bin/true. Kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni ìdènà. A kò ní láti pa kíkí náà rẹ́; a kàn máa kó o kúrò nínú .bashrc lọ sínú .bash_profile, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá wọlé láti jókòó, tí kì í sì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ìránṣẹ́ bá wá gbé ẹrù. Láti ìgbà tí OpenSSH 9.0 ti jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni scp náà ti ń gba inú SFTP, nítorí náà ohun tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá lè kùnà lọ́jọ́ tí a bá sọ ẹ̀rọ ilé di tuntun, bí ẹ̀rọ òkèèrè kò bá ní ètò SFTP rárá. Àmì -O ni a fi ń dá scp padà sí ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́.

TRAMP ní irú àìsàn yìí, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Ó ń wọlé bí ènìyàn, ó sì ń dúró kí ètò agbàṣẹ, tí wọ́n ń pè ní shell, fi àmì hàn pé òun ti ṣe tán láti gba àṣẹ. Àmì $ tàbí # tàbí irú wọn ni ó mọ̀. Ọ̀dọ́ ìsinsìnyí fẹ́ràn láti fi àwọ̀ àti ọfà ṣe àmì yẹn lọ́ṣọ̀ọ́. TRAMP kò mọ ọfà. Yóò dúró síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí àlejò tí kò mọ̀ pé wọ́n ti ní kí ó jókòó. Nígbà tí ó bá ń wọlé, ó máa ń sọ pé dumb ni irú ojú ẹ̀rọ tí òun ní. A lè kọ ọ́ sínú fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ ètò agbàṣẹ pé bí ó bá ti rí dumb, kí ó yọ ọ̀ṣọ́ kúrò, kí ó fi $ nìkan hàn. Bí a kò bá mọ ibi tí ó dúró sí, kí a gbé tramp-verbose sí 6, yóò kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ fún wa.

Nígbà tí ìsopọ̀ bá kú láìdágbére

Èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ jù ní àdúgbò wa. Iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tí ó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì gba àdírẹ́sì mìíràn. Ojú ìwé SSH ṣì wà níwájú wa bí ẹni pé kò sí nǹkan. Tàbí kí a dìde lọ jẹun, kí ilé iṣẹ́ fóònù tí ó fi àdírẹ́sì kan fún ọ̀pọ̀ oníbàárà yọ orúkọ wa kúrò nínú ìwé rẹ̀ nítorí pé a dákẹ́ jù. Bí a bá kọ ServerAliveInterval 30 sínú fáìlì ètò ssh wa, yóò máa tọ ẹ̀rọ òkèèrè wò ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá; bí ìgbà mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, yóò gbà pé òkú ni. Ẹni tí ojú ìwé rẹ̀ ti kú tí kò gba bọ́tìnì mọ́ lè tẹ Enter, kí ó tẹ ~, kí ó sì tẹ àmì ìdánudúró, yóò jáde.

Níbí ni mímọ ibi tí ètò ìkọ̀wé ń gbé ti wúlò. Bí ó bá wà ní ilé, ọ̀rọ̀ wa ṣì wà nínú rẹ̀. Kí a má pa á, kí a fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ẹ̀rọ ilé kí a tó ṣe ohun mìíràn. Bí ó bá jẹ́ Vim ní òkèèrè, ó ti fi fáìlì kan tí ó parí sí .swp sílẹ̀. Nígbà tí a bá padà, E325 ni yóò fi pàdé wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a tẹ bọ́tìnì èyíkéyìí kí ó ṣá kúrò níwájú wọn. Kí a fara balẹ̀ kà á. Bí ó bá sọ pé STILL RUNNING, ẹlòmíràn ṣì wà nínú fáìlì náà, tàbí àwa fúnra wa láti àná. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, kí a gbà á padà pẹ̀lú vim -r, kí a fi í pamọ́ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kí a fi wé ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí a pa .swp rẹ́. Ẹni tí ó bá ń lo tmux ní òkèèrè kò ní wàhálà yìí: iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa dúró dè é níbẹ̀.

N ó sọ ọ̀kan ní ṣókí. Bí ssh bá kígbe pé REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED, ó ń sọ pé ẹni tí ó dá wa lóhùn kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tún ẹ̀rọ náà tò. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan dúró sójú ọ̀nà. Kí a pe alábòójútó ẹ̀rọ náà lórí fóònù, kí ó ka àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fún wa, kí a tó pàṣẹ ssh-keygen -R láti gbàgbé ti àtijọ́.

Ṣ, ẹ àti ọ

Mo padà sí òwúrọ̀ tí mo sọ. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ni ṣ: 225, 185, 163. Ẹni tí ó bá kà wọ́n ní ìlànà àtijọ́ tí a ń pè ní Latin-1 yóò rí á, ¹ àti £. Báìtì kan náà ni wọ́n; ojú tí a fi wò wọ́n ni ó yàtọ̀. Nígbà tí Vim bá fẹ́ ṣí fáìlì, ó máa ń dán UTF-8 wò ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ẹyọ báìtì kan ṣoṣo tí kò bá òfin UTF-8 mu, yóò pa á tì, yóò sì ka gbogbo fáìlì náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi Latin-1. Báìtì kan péré. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ẹnì kan nínú wa da àkọsílẹ̀ owó tí a san fún oníjàálá kan láti inú ìwé àtijọ́ kan sínú fáìlì náà, àmì £ sì wà níbẹ̀ ní báìtì 163 nìkan. Ohun tí ó bo gbogbo ṣ wa mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Kò tíì sí ohun tí ó bàjẹ́ títí di ìgbà náà. Ká ní a béèrè pẹ̀lú :set fileencoding? yóò sọ fún wa pé latin1. Ká ní a tún un ṣí pẹ̀lú :e ++enc=utf-8 ++bad=keep, tí a sì tẹ 8g8, ì bá gbé wa dé orí báìtì náà gan-an, a ó sì pa á rẹ́, ó parí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi òtítọ́ inú ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Ó fi s rọ́pò gbogbo á¹£, ó fi e rọ́pò gbogbo áº¹, ó sì fi o rọ́pò ti ọ. Àmì ohùn ni kò dá mọ̀, nítorí náà ó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí a rí báìtì £ náà níkẹyìn tí a yọ ọ́, fáìlì náà ṣí geerege, ohùn pé, kò sí àmì ìsàlẹ̀ kankan. Ẹ̀kọ́ ti di èkó. Ọ̀kọ̀ tí ọdẹ gbé lọ́wọ́ ti di òkò. Kò sì sí ètò tí ó lè dá wọn padà, nítorí pé o kan náà ni ó dúró fún o àti ọ nísinsìnyí; ènìyàn tí ó gbọ́ ohùn oníjàálá nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

A rí ẹ̀dà kan lórí fláàṣì tí ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí a ṣe láti ìgbà náà ni a tún gbọ́ láti inú téèpù, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi git tọ́jú gbogbo àyípadà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fáìlì tí ó rí bí èyí tí ó bàjẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì wà pẹ̀lú wa. Òun ni ó ń bójú tó ẹ̀rọ náà báyìí, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Téèpù kan já nígbà tí a ń tún un gbọ́. Oníjàálá tí ó wà nínú rẹ̀ ti di olóògbé. Nínú ìlà kan tí ó kù, ọdẹ kan ju nǹkan lu erin, a kò sì mọ̀ bóyá ọ̀kọ̀ ni tàbí òkò. A fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀.